Títọ́jú ẹṣin tí ebi àti ìyà ti sọ di egungun: àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi wá àti ìdáhùn wọn

Àwọn ìbéèrè yìí ni wọ́n máa ń bi àwa tí a ń gba irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láti tọ́jú jù lọ nígbà tí ẹnì kan bá rí ẹṣin tó ti gbẹ, yálà ní etí òkun ní Èkó, ní ẹ̀yìn ọjà ẹran, tàbí nínú àgbàlá ẹni tó rà á nítorí ọdún Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde tí kò sì mọ ohun tí yóò fi í ṣe nígbà tí ọdún parí. Bí ẹ kò bá ráyè ka gbogbo rẹ̀ nísinsìnyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ìdáhùn kẹta kí ẹ tó gbé oúnjẹ síwájú ẹṣin náà. Ọ̀pọ̀ ẹṣin tó kú lọ́wọ́ àwọn aláàánú, oúnjẹ àjẹkánjú ló pa wọ́n.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé ebi ló ń pa ẹṣin kan, tí kì í ṣe pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn?

Ìbéèrè tó yẹ ni, nítorí pé àwọn ẹṣin ilẹ̀ wa kì í tóbi. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ti Òkè Ọya wá ni ara wọn fúyẹ́, tí ẹsẹ̀ wọn tẹ́ẹ́rẹ́, tí ara wọn sì dá ṣáṣá. Ọwọ́ ni a fi ń mọ ìyàtọ̀, ojú nìkan kò tó. Ní ọdún 1983, Don Henneke gbé ìwọ̀n kan jáde ní Yunifásítì Texas A&M ní Amẹ́ríkà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti 1 títí dé 9, àwọn dókítà ẹranko sì ń lò ó káàkiri ayé títí di òní. Ibi mẹ́fà ni ẹ ó fi ọwọ́ tẹ̀ lára ẹṣin náà: ọrùn, òkè èjìká níbi tí gọ̀gọ̀ rẹ̀ parí sí, ẹ̀yìn èjìká, egungun ìhà, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀pá ẹ̀yìn, àti ìdí ìrù. Bí ẹṣin bá wà ní 5, ẹ kò ní rí egungun ìhà rẹ̀ lójú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ìka tẹ ibẹ̀ díẹ̀, ẹ ó bá a. Èyí tó wà ní 1 ti rù hangogo: ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ta síta bí igi àjà, ẹran itan rẹ̀ ti tán, ìdí ìrù rẹ̀ sì ti jìn wọnú.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ikùn tàn yín jẹ. Ẹṣin tí aràn kún inú rẹ̀, tàbí tó jẹ́ pé pòròpórò gbígbẹ nìkan ló ń rí jẹ, lè yọ ikùn sílẹ̀ bí aboyún nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti gbẹ bí pánla.

Bí ẹ bá ní téèpù tí àwọn aránṣọ ń lò, ẹ lè mọ bí ẹṣin náà ṣe wúwo tó láìsí òṣùwọ̀n ńlá. Ẹ wọn àyíká àyà rẹ̀ lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, kí ẹ wọn gígùn rẹ̀ láti iwájú èjìká dé ẹ̀yìn ìdí, ní sẹ̀ǹtímítà. Ẹ fi àyíká àyà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ fi gígùn sọ ohun tí ẹ rí di púpọ̀, kí ẹ wá fi 11,880 pín gbogbo rẹ̀. Ẹṣin tí àyíká àyà rẹ̀ jẹ́ 150 tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 140 yóò wọn nǹkan bíi kílógíráàmù 265. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí pé òun ni a ó fi díwọ̀n oúnjẹ àti oògùn.

Ẹṣin náà ti wà nínú àgbàlá mi. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ibòòji, omi tó mọ́, ilẹ̀ tó rọ̀ tó lè dùbúlẹ̀ sí, àti ìdákẹ́jẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ pèsè. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ àdúgbò wá dúró yí i ká. Ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ àwọn ẹṣin mìíràn fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta nítorí àrùn, kí garawa omi rẹ̀ sì dá wà, ṣùgbọ́n kí ó ṣì máa rí ẹran mìíràn lọ́ọ̀ọ́kán, nítorí pé ẹṣin tó bá dá nìkan wà pátápátá kì í fara balẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ pe dókítà ẹranko. Bí ẹ kò bá mọ ẹnì kankan, ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn, tàbí ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn ẹranko ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, tàbí ti Yunifásítì Ìlọrin. Kí dókítà tó dé, ẹ lè wo nǹkan mélòó kan kí ẹ sì kọ wọ́n sílẹ̀ fún un. Ooru ara ẹṣin tó dá ṣáṣá máa ń wà láàárín 37.5 sí 38.5 ní ìwọ̀n Celsius, ọkàn rẹ̀ máa ń lù ní ìgbà 28 sí 44 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ sì lè fi ìka wá ìlù náà lábẹ́ egungun àgbọ̀n, ó máa ń mí ní ìgbà 8 sí 16. Ẹ gbé ètè rẹ̀ sókè, kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ èrìgì rẹ̀ kí ẹ sì tú u sílẹ̀: àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú yẹ kó padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì. Èrìgì tó funfun bí ẹfun tàbí tó dúdú jẹ́ àmì pé kí dókítà tètè máa bọ̀.

Kí ló dé tí ẹ fi ń sọ pé a kò gbọdọ̀ bọ́ ọ yó? Ṣebí ebi ló ń pa á?

Ebi ń pa á lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ara ẹṣin tí kò rí oúnjẹ fún ìgbà pípẹ́ ti yí padà. Ó kọ́kọ́ jẹ ọ̀rá ara rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rá tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹran ara rẹ̀, títí kan ẹran tí ọkàn fi ń lù. Àwọn èròjà tí à ń pè ní phosphorus, magnesium àti potassium tó wà nínú ara rẹ̀ ti ń tán lọ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá wá gbé garawa dùsà, ìyẹn eèrí ọkà, tàbí àgbàdo kalẹ̀ fún un ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, sítáàṣì inú oúnjẹ náà á di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, ara á tú insulin jáde lójijì, insulin náà á sì kó ṣúgà wọnú ẹran ara, ìwọ̀nba phosphorus, magnesium àti potassium tó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀jẹ̀ á sì bá a wọlé. Ẹ̀jẹ̀ á wá ṣófo. Ọkàn kò ní lè lù déédéé mọ́, mímí á di iṣẹ́, iṣan á máa gbọ̀n, ẹṣin náà á sì ṣubú. Ohun tó ń tan ènìyàn jẹ ni pé kì í sábà rí bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tó jẹun gan-an. Ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún ni, nígbà tí gbogbo ilé ti ń yọ̀ pé ẹṣin ti ń jẹun.

Ó ṣẹlẹ̀ lójú mi. Akọ ẹṣin pupa kan ni, a gbà á ní ìrọ̀lẹ́, a sì ti fohùn ṣọ̀kan lórí bí yóò ṣe máa jẹun. Ọ̀kan lára àwa tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kò lè sùn nítorí bí ẹṣin náà ṣe ń fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀kùn, àánú ṣe é, ó sì da dùsà kún ibùjẹ rẹ̀ ní òru ọjọ́ kejì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin mo bá ẹṣin náà níbi tó ti gbé orí ti ògiri, ó ń làágùn, awọ èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n bí ìgbà tí eṣinṣin bá bà á, ṣùgbọ́n kò sí eṣinṣin kankan níbẹ̀. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti kú. Láti ọjọ́ náà ni kọ́kọ́rọ́ yàrá oúnjẹ ti wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì California ní ìlú Davis ti ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì rí i pé koríko alfalfa gbígbẹ ló dára jù nínú àwọn oúnjẹ tí wọ́n dán wò, nítorí pé sítáàṣì rẹ̀ kéré, ó sì ní phosphorus àti magnesium dáadáa. Ìlànà tí wọ́n gbé kalẹ̀ ni pé kí ẹṣin tó yẹ kó wọn nǹkan bíi kílógíráàmù 450 máa jẹ ìdajì kílógíráàmù ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, tọ̀sán tòru, fún ọjọ́ mẹ́ta. Láti ọjọ́ kẹrin, ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ bù kún un, kí ẹ sì máa dín iye ìgbà tó ń jẹun kù, kí ó lè tó nǹkan bíi kílógíráàmù méjì ní wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ nígbà tó bá fi di ọjọ́ kẹfà. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹwàá, ó lè máa jẹ ìwọ̀n tó bá fẹ́, ní ìgbà méjì lójúmọ́. Ẹṣin kékeré tí a wọ̀n lókè yẹn kò gbọdọ̀ jẹ ju nǹkan bíi gíráàmù 300 lọ lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ̀kúnwọ́ kékeré ni, yóò sì dùn yín láti máa wò ó bó ṣe ń lá ilẹ̀ ibùjẹ. Ẹni tí kò bá lè jí ní aago méjì òru, kí ó wá ẹni tí yóò máa bá a jí.

A kò rí alfalfa rà níbí. Kí ni kí a fún un?

Ewé ẹ̀pà gbígbẹ, èyí tí àwọn ará Òkè Ọya ń pè ní harawa, ni àwa ń lò. Ìdílé ewéko kan náà ni òun àti alfalfa, ó ní calcium àti èròjà tó ń kọ́ ẹran ara, ó sì pọ̀ ní ọjà ẹran. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ tú ìdì rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó. Ẹ gbọ̀n ọ́n. Bí eruku bá sọ, tàbí bí ó bá ń rùn bíi yàrá tí òjò ń jò sí, ó ti bu, èébu ẹ̀pà sì ní májèlé tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Àárín harawa máa ń tan ni jẹ nígbà òjò: òde rẹ̀ á gbẹ, inú rẹ̀ á sì ti dúdú. Ẹ lè po koríko eéran tó gbẹ mọ́ ọn. Bí koríko tútù bá wà, ẹ mú ẹṣin náà lókùn lọ jẹ ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ sì mú un padà.

Dùsà, àgbàdo, ọkà bàbà, búrẹ́dì àti èèpo ẹ̀gẹ́ kò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Èyí tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe fún ẹṣin láéláé ni oúnjẹ adìyẹ. Mo mọ̀ pé òun ló sún mọ́ wa jù, gbogbo àdúgbò ni wọ́n ti ń tà á, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sára àpò rẹ̀ pé ó ń mú ẹran tóbi kíákíá. Wọ́n sábà máa ń po oògùn tí à ń pè ní monensin mọ́ ọn nítorí àrùn ìgbẹ́ gbuuru adìyẹ. Adìyẹ kì í mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ ti tó láti ba ọkàn ẹṣin jẹ́ kọjá àtúnṣe. Oúnjẹ màlúù tí wọ́n pò ní ilé iṣẹ́ lè ní in pẹ̀lú.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ti ń sin ẹṣin tipẹ́ kò kà sí. Phosphorus inú dùsà pọ̀ ju calcium inú rẹ̀ lọ fíìfíì. Bẹ́ẹ̀ ni èròjà kan tí à ń pè ní oxalate wà nínú koríko eéran àti èésún, òun ló máa ń di calcium mú tí ara kò fi ní rí i lò. Ẹṣin tó bá ń jẹ méjèèjì yìí nìkan fún oṣù púpọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fa calcium jáde láti inú egungun ara rẹ̀. Egungun ojú rẹ̀ á wú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa dùn ún, yóò sì máa tiro láìsí egbò kankan lẹ́sẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹṣin tí orí rẹ̀ dà bí èyí tó tóbi jù fún ara rẹ̀, ẹ má ṣe rò pé ìran rẹ̀ ni. Harawa á ràn án lọ́wọ́, dókítà yóò sì sọ irú calcium tí ẹ ó máa pò mọ́ oúnjẹ rẹ̀. Iyọ̀ náà kò gbọdọ̀ wọ́n ọn: ẹ gbé iyọ̀ òkúta síbi tó ti lè máa lá a fúnra rẹ̀.

Omi ńkọ́?

Bí òùngbẹ bá ti ń gbẹ ẹ́ tipẹ́, ẹ fún un ní ìdajì garawa, kí ẹ dúró fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, kí ẹ tún fún un. Nígbà tó bá ti mu tó, kí omi máa wà níwájú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ẹṣin lè mu lítà 25 sí 40 lójúmọ́, ooru ilẹ̀ wa sì lè mú kó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ti dùbúlẹ̀, kò sì lè dìde mọ́.

Ìpè dókítà kò gbọdọ̀ di ọ̀la. Ara ẹṣin wúwo débi pé ẹran ẹ̀gbẹ́ tó fi dùbúlẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú láàárín wákàtí díẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ìsàlẹ̀ á sì ṣòro lò. Ẹ kó koríko tàbí àpò ìrẹsì tí ẹ fi ìyẹ̀fun igi kún sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ gbé e jókòó lórí àyà bí ẹ bá lè ṣe é, kí ẹ sì yí i padà ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ má ṣe na án kó lè dìde. Ẹ má ṣe fi ìrù fà á. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá tí kò lè dá dìde, ìrètí kéré gan-an, ó sì yẹ kí ẹ bá dókítà jókòó sọ òtítọ́.

Ìgbà wo ni kí a fún un ní oògùn aràn, kí a gé pátákò rẹ̀, kí a sì wo eyín rẹ̀?

Aràn kì í ṣe ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí ọ̀pọ̀ aràn bá kú lẹ́ẹ̀kan náà nínú ìfun ẹṣin tí kò lágbára, ìfun náà lè wú, inú rírun tó lè pa á sì lè tẹ̀lé e. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò, kí ó sì dá ọjọ́ fún oògùn náà nígbà tí ara bá ti ń le, pẹ̀lú ìwọ̀n tó bá ohun tí téèpù sọ mu.

Pátákò tó ti gùn tó sì ká sókè bí ìwo àgbò, ẹ má ṣe gé gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Iṣan ẹsẹ̀ ti bá a rìn bẹ́ẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni kí ẹ fi mú un padà sípò, lẹ́yìn náà kí ẹ máa gé e ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ní ti eyín, ẹ wo ilẹ̀ ibùjẹ: bí ẹ bá rí koríko tó ká jọ bí òkèlè tó sì tutọ́ jáde láìjẹ ẹ́ tán, eyín ẹ̀yìn rẹ̀ ti mú bí ọ̀bẹ, ó ń gé e ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Oúnjẹ kankan kò ní dúró lára rẹ̀ títí wọn yóò fi yún eyín náà.

Egbò gàárì àti egbò ẹnu wà lára rẹ̀.

Omi sísè tó ti tutù tí ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí ni kí ẹ fi wẹ egbò, kí ẹ sì bo èyí tó jìn kí eṣinṣin má bàa yé ìdin sí i. Ẹ má ṣe da ọ́ìlì mọ́tò sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ rán dókítà létí abẹ́rẹ́ tetanus, nítorí pé àrùn náà máa ń tètè ran ẹṣin. Ẹ la ẹnu rẹ̀ wò pẹ̀lú: ìjánu onírin tó mú máa ń fi àpá tó gba ahọ́n kọjá sílẹ̀, ẹṣin tó sì ń gbé orí sókè fìrì nígbà tí ẹ bá mú ìjánu dání, ìrora ló ń rántí.

Ó ń jẹun dáadáa láti oṣù kan, síbẹ̀ kò sanra.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Eṣinṣin tsetse máa ń gbin kòkòrò tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ sínú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin. Ibà á máa wá, á máa lọ, èrìgì á funfun, abẹ́ ikùn àti ẹsẹ̀ á wú, ẹṣin á sì máa rù lọ bí ó tilẹ̀ ń jẹun. Àrùn yìí ti wà pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Òun ni ìdí kan pàtàkì tí Ọ̀yọ́ ayé àtijọ́, tí agbára ogun rẹ̀ dúró lé ẹlẹ́ṣin, fi gbọ́dọ̀ máa ra ẹṣin lemọ́lemọ́ láti Òkè Ọya: ẹṣin kì í pẹ́ ní ìhà gúúsù, bí a bá sì ṣe ń sún mọ́ igbó sí i ni wọ́n ń kú sí i. Oògùn rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ọwọ́ dókítà ni kó ti wá, nítorí pé ìwọ̀n tó bá pọ̀ jù lè pa ẹṣin tó rù.

Ó ń ta ènìyàn nípàá, ó sì ń bu ènìyàn jẹ. Ṣé ìwà rẹ̀ burú ni?

Rárá o. Ẹṣin tí wọ́n ti fi pàṣán bá sọ̀rọ̀ láti kékeré ti kọ́ ohun kan nípa ọwọ́ ènìyàn, ó sì di dandan kí ẹ kọ́ ọ ní òmíràn. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú ẹṣin wà. Kì í rí ohun tó wà níwájú imú rẹ̀ gan-an, kì í sì í rí ẹni tó bá wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ tààrà. Ẹ máa gba ọ̀nà èjìká wá bá a, kí ẹ ti máa sọ̀rọ̀ bọ̀ láti òkèèrè, kí ẹ má sì tẹjú mọ́ ọn. Èyí tó ń bu ènìyàn jẹ nídìí oúnjẹ ti mọ ohun tó jẹ́ pé kí a gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ gbé oúnjẹ kalẹ̀, kí ẹ sì kúrò níbẹ̀. Nígbà tó bá ti rí i fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan pé oúnjẹ ń wá ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, púpọ̀ nínú ìbínú náà á rọ̀.

A gba abo ẹṣin aláwọ̀ eérú kan láti etí òkun, níbi tó ti ń gbé àwọn olùgbafẹ́ kiri láti àárọ̀ di alẹ́ lórí iyanrìn gbígbóná. Bí ènìyàn bá kàn gbé ọwọ́ sókè láti họ orí ara rẹ̀, yóò yí ìdí padà sí olúwa rẹ̀, yóò sì múra láti ta á nípàá. A kò fi okùn kàn án. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan mo máa ń dojú garawa dé ní igun yàrá rẹ̀, mo máa ń jókòó lé e fún ìdajì wákàtí, mo sì máa ń kẹ́yìn sí i. Ní ọjọ́ kẹsàn-án mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn mi, lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ èémí gbígbóná ní ọrùn mi. N kò yíjú. Ó gbóòórùn mi láti etí dé ọwọ́, ó sì padà sí àyè rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà ó dùbúlẹ̀ nígbà tí mo ṣì wà nínú yàrá, ó na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì sùn. Ẹṣin lè tòògbé lórí ìdúró, ṣùgbọ́n kò lè sun oorun àsùnwọra láìdùbúlẹ̀, kì í sì í dùbúlẹ̀ níbi tí ọkàn rẹ̀ kò bá ti balẹ̀. Mo ti ń retí àmì yẹn ju kílógíráàmù kankan lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ kó gbé ìgbésẹ̀ kan, ẹ fa okùn díẹ̀, kí ẹ sì tú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tó bá gbìyànjú, bó tilẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n ìka kan. Ìtúsílẹ̀ yẹn ló ń kọ́ ọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Yóò ti pẹ́ tó? Ìgbà wo ni a lè gùn ún?

Ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìyàtọ̀ lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan. Kí ara rẹ̀ tó padà bọ̀ sípò pátápátá, ó lè gba oṣù mẹ́fà sí mẹ́wàá. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gùn ún kí ó tó dé 5 lórí ìwọ̀n tí mo sọ lókè, kí dókítà sì fọwọ́ sí i. Kí ìgbà náà tó dé, ẹ lè máa mú un lókùn rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀. Bí ó bá jẹ́ abo, ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó bóyá ó lóyún, nítorí pé ó máa ń ṣẹlẹ̀ ju bí ènìyàn ṣe rò lọ, oúnjẹ rẹ̀ á sì yàtọ̀.

Ṣé kí n ra ẹṣin náà lọ́wọ́ ẹni tó ń fìyà jẹ ẹ́?

Ọ̀rọ̀ tó ń dun ọkàn ni. Bí ẹ bá san owó gidi fún un, ó ṣeé ṣe kí ó fi owó náà ra òmíràn kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Abala 495 nínú Criminal Code tí à ń lò ní ìhà gúúsù Nàìjíríà sọ pé ìwà ìkà sí ẹranko jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ìjìyà rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn náírà 50, tàbí méjèèjì. Náírà 50 kò ra ìdì harawa kan lónìí. Síbẹ̀ òfin ni, ẹ sì lè ya fọ́tò, kí ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti rí ẹṣin náà sílẹ̀, kí ẹ sì fi tó ọlọ́pàá àti ẹ̀ka ìlera ẹranko ní ìpínlẹ̀ yín létí.

Ṣùgbọ́n èmi máa ń kọ́kọ́ bá ẹni náà sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọkùnrin tó ń da ẹṣin ní etí òkun kì í ṣe olówó ẹṣin. Wọ́n gbọ́dọ̀ jíṣẹ́ owó fún ẹnì kan lálẹ́, ohun tó bá kù ni àwọn àti ẹṣin á jọ jẹ. Mo ti rí èyí tó sunkún nígbà tí a fi egbò tó wà lábẹ́ gàárì hàn án, nítorí pé kò sí ẹni tó sọ fún un rí pé kí ó máa tú gàárì lọ́sàn-án. Bí a bá fi aṣọ tó nípọn sábẹ́ gàárì, tí a sì fi ìsinmi wákàtí méjì lábẹ́ igi sí i, ẹṣin náà lè má nílò kí ẹnikẹ́ni gbà á.

Ṣé ó burú bí a bá ní kí dókítà fún un ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó jìyà mọ́?

Nígbà tí Dorothy Brooke, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, dé ìlú Cairo ní Íjíbítì ní ọdún 1930, ó bá àwọn ẹṣin tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tà síbẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, tí wọ́n ti darúgbó sídìí kẹ̀kẹ́ ẹrù. Ó kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn Morning Post ní 1931, àwọn ènìyàn fi owó ránṣẹ́, ó sì ra nǹkan bíi 5,000 nínú wọn. Ní 1934 ó dá ilé ìwòsàn ẹṣin sílẹ̀ ní ìlú náà, èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹṣin tó rà kò ṣeé wò sàn mọ́. Ó fún wọn ní ìsinmi díẹ̀ àti oúnjẹ, ó sì jẹ́ kí wọ́n lọ láìní ìrora. Mo máa ń rántí rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ dókítà bá dúró tó sì wo ojú mi. Kò burú. Ohun tó burú ni kí a máa fa ẹṣin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́ lọ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nítorí pé àwa kò fẹ́ sunkún.

Nígbà tí ara rẹ̀ bá yá, ta ni ẹ máa ń fún?

A kì í fún ẹni tó fẹ́ ẹ fún ọdún kan ṣoṣo, yálà Ojúde Ọba tàbí ọdún Iléyá ní Ìlọrin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú àwa náà máa ń mọ́lẹ̀ nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin bá ń kọjá. Ẹni tó bá ní ẹṣin mìíràn nílé tẹ́lẹ̀, tó ní ilẹ̀ tí ẹṣin lè rìn lórí rẹ̀ láìso ó mọ́ igi, tó sì lè dárúkọ dókítà ẹranko rẹ̀ fún wa, la máa ń fún. A máa ń kọ ọ́ sínú ìwé pé bí kò bá fẹ́ ẹ mọ́, ọ̀dọ̀ wa ni yóò dá a padà sí, kò gbọdọ̀ tà á. Lẹ́yìn oṣù kan a ó lọ kí i, a ó tún lọ ní oṣù kẹta, a kì í sì í sọ ọjọ́ tí a ń bọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìwé tí a kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí láti ọjọ́ àkọ́kọ́ máa ń wà lọ́wọ́ wa, téèpù aránṣọ á sì wà nínú àpò.